Mi Ò Dárúkọ Ẹnikẹ́ni O

Wọ́n ní ìyàwó ọmọ Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé ń fi ojú-ìwé ìyá ọkọ rẹ̀ nu gíláàsì fèrèsé.

Oníbọ́tìnnì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló gbé ìròyìn náà wá, ó sì gbé e wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó rọra ń ṣí i lójú díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun kò fi ojú òun rí i o, ẹnìkan ló rí i, ẹni náà kì í sì í purọ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ìwé ìròyìn ìjọ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, ibi tí àwòrán Màmá wà. Ó ní omi ọṣẹ ń kán lójú àwòrán náà bí omijé.

Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì tó gbà gbọ́ ni pé wọ́n ń fi ìwé ìròyìn nu gíláàsì. Kò sí ohun tó ń nu gíláàsì mọ́ tó o, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn náà lọ́dún tó kọjá. Ìdajì tí kò gbà gbọ́ ni ti ojú-ìwé. Ìwé ìròyìn ní ojú-ìwé méjìlá, kí ló dé tó fi jẹ́ ti òun ni wọ́n máa fà ya?

“Ó kúkú dáa,” ló wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. “Tó bá ti lè nu nǹkan kan mọ́, iṣẹ́ ti ṣe nìyẹn.”

Oníbọ́tìnnì dúró díẹ̀ sí i, bóyá omijé gidi á bọ́. Nígbà tí kò bọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìsọ̀ òun. Ìgbà tó jáde tán ni Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé apá aṣọ lòun ti rán mọ́ ọrùn. Ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Aránṣọ ni, aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ló sì ń rán jù. Yàrá kan tó dojú kọ títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tábìlì gígùn tó fi ń gé aṣọ, àti dígí kan tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, tí kò sí oníbàárà tó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbẹ̀ rí. Àga onítìmùtìmù kan wà lódìkejì tábìlì fún ẹni tó bá ń dúró de aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Mẹ́ta wà lẹ́yìn odi, wọ́n máa ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú láti bi í léèrè bóyá ó ti jẹun, bí ẹni pé òun kọ́ ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ṣíbí sẹ́nu. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló wà nítòsí, òun ló sì fẹ́ ìyàwó tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Bó ṣe di òǹkọ̀wé kò ṣòro láti sọ. Lẹ́yìn ìpàdé àwọn ìyá lọ́jọ́ kan, ó ń ṣàlàyé fún ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan bí a ṣe ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ funfun láì yọ aṣọ náà dànù mọ́ ọn. Olóòtú ìwé ìròyìn ìjọ ń kọjá lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lè jẹ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró, ó tẹ́tí.

“Mọ́mì,” ni Olóòtú wí, “ẹ bá mi kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn.”

“Èmi? Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo parí sí o.”

“Àwọn tó máa kà á ńkọ́?”

Ó lọ sílé, ó kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: Gbogbo ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń gbáradì, a kí yín ní orúkọ Olúwa, a sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé. Olóòtú kà á dé ibẹ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?” Ó ní gbogbo èèyàn ni. Olóòtú ní kí ó lọ wá ẹnìkan nínú gbogbo èèyàn yẹn, kí ó bá onítọ̀hún sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó wo àga oníbàárà tó wà lódìkejì tábìlì, ó sì mú àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó síbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, àbúrò tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ìrẹsì yóò fi jóná. Ó ní, “Ìwọ, gbọ́ mi dáadáa.” Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí òwú lára kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, kì í kọ lẹ́tà kan ṣoṣo àfi kó kọ́kọ́ mú ẹnìkan jókòó sórí àga náà. Ó ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn jókòó síbẹ̀. Oníbọ́tìnnì fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láì mọ̀, lórí ọ̀rọ̀ òfófó. Nígbà tí ìwé jáde, òun ló kọ́kọ́ sáré wá kí i, ó ní, “Ẹ ṣeun jàre! Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n há ìyẹn sórí.”

Ẹ̀yìn pátápátá nínú ìwé ìròyìn ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, lẹ́yìn ìkéde ìgbéyàwó àti ti òkú, ibẹ̀ ló sì ti gba orúkọ tí gbogbo ìjọ ń pè é. Àwọn tó ń ti ẹ̀yìn ka ìwé bọ̀ wá síwájú wá pọ̀ sí i. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù ni gbólóhùn tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀: Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Gbogbo wa la mọ gbólóhùn yìí. Tí ẹnìkan bá sọ ọ́ láàrin àgbàlá, gbogbo fèrèsé ló máa ṣí, olúkúlùkù á sì yọjú wo ẹni tí wọn kò dárúkọ.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé ìyàwó, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé òun kò ní jẹ́ irú ìyá ọkọ tó máa ń ti orí ìkòkò kan bọ́ sí òmíràn. Òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ó sì mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ. Ó lè lọ síbẹ̀, kó rí ọmọ níwájú tẹlifíṣọ̀n láti òwúrọ̀, kó má sọ nǹkan kan. Ó lè rí búrẹ́dì rírà lórí tábìlì láàárọ̀, lálẹ́, kó má sọ nǹkan kan. Á máa rẹ́rìn-ín, á máa ní, “Ó dáa, ó dáa,” títí eyín á fi máa dùn ún.

Àmọ́ ẹ̀jẹ́ náà kò sọ nǹkan kan nípa ìwé ìròyìn.

Òṣìṣẹ́ ilé-ìwòsàn ni ìyàwó yìí, ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò. Ó jẹ́ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í jiyàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Irú ẹni tí kì í jiyàn yìí ló dùn ún mú jókòó sórí àga jù. Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé mú un jókòó síbẹ̀, kò sì tètè jẹ́ kó dìde. Ó kọ nípa ìyá tó fi tẹlifíṣọ̀n ṣe alágbàtọ́. Ó kọ nípa ilé tí òórùn ìyẹ̀fun kì í gbà kọjá. Ó kọ nípa obìnrin tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ayé, tí kò mọ ohun tó wà nínú ikùn ọmọ tirẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Kò tíì kọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n kà á sókè níbi ìpàdé àwọn ìyá, àlùfáà tọ́ka sí i látorí àga ìwàásù, Olóòtú ní èèyàn ń wá bá òun lọ́fíìsì nítorí rẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyàwó máa ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ìyá àgbà kì í pe ọmọ náà ní orúkọ, Ọ̀rẹ́ Mi ló ń pè é. Abẹ́ tábìlì ìgéṣọ ni Ọ̀rẹ́ Mi máa ń wà, á máa ṣa àjákù aṣọ, á máa ta á fún ìyá àgbà rẹ̀ ní owó gọbọi, á sì máa bú u tó bá ní kó dín owó. Wákàtí tó dùn jù nínú ọ̀sẹ̀ obìnrin náà nìyẹn. Nígbà tó yá, ìyàwó ní ọmọ ń wúkọ́. Sátidé kejì, iṣẹ́ ló dé. Òmíràn, òjò ni. Lẹ́yìn náà kò rí nǹkan wí mọ́, kò sì wá mọ́. Sátidé wá di ọjọ́ tí yàrá náà máa ń dákẹ́ bí ìgbà tí iná bá lọ. Ó dùn ún dé egungun. Ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe tí nǹkan bá dùn ún, ó kọjú sí àga, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé e fún Olóòtú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni oníbọ́tìnnì gbé ọ̀rọ̀ gíláàsì wá.

Ó ti rán aṣọ kan fún Ọ̀rẹ́ Mi láti ọjọ́ pípẹ́, aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní àpò méjì níwájú, nítorí ọmọ náà kì í rí nǹkan nílẹ̀ kó má kó o pamọ́. Nígbà tí Sátidé dé, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ká aṣọ náà sínú báàgì, ó lọ.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé náà, òkè pátápátá ni wọ́n ń gbé. Ohun àkọ́kọ́ tó wò ni fèrèsé, kí Ọlọ́run dárí jì í. Ó mọ́. Ó mọ́ débi pé ẹyẹ lè fi orí sọ ọ́.

“Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ wọlé mà.” Ìyàwó rẹ̀ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. “Bàbá ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jókòó mà.”

Ó jókòó. Ilẹ̀ ń dán. Wọ́n ti da aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tí ojú ń tì. Búrẹ́dì kan wà lórí tábìlì, ó rí pálapàla, ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ.

“Èmi ni mo ṣe é mà,” ni ìyàwó wí kíákíá, kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè.

Ọ̀rẹ́ Mi wà lórí àga kékeré, ó ka ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

“Ọ̀rẹ́ mi!”

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.”

Mà! Ọmọ tó ń pè é ní “Olè” lórí owó àjákù aṣọ! Ìyá àgbà yọ aṣọ jáde, wọ́n wọ̀ ọ́ fún un, ó bá a mu rẹ́gí. Ọmọ náà dúró gbọnrangandan nínú rẹ̀.

“Ki ọwọ́ bọ àpò, jẹ́ ká wò ó.”

“Rárá mà. Á dọ̀tí.”

“Kó dọ̀tí! Ìwọ kọ́ lo máa fọ̀ ọ́. Kí ló ń dẹ́rù bà ọ́?”

Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ ẹ mọ ohùn ọmọdé, tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an ni gbogbo ilé ń gbọ́. Ó ní, “Mọ́mì ní tí mi ò bá ṣe jẹ́jẹ́, ẹ máa kọ mí sínú ìwé.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó tó ti wọ kíṣìnì lọ. Ìyàwó jáde wá, ojú rẹ̀ ti yí padà. “Ẹ má bínú mà, ọmọdé ni. Lọ sí yàrá, lọ ṣeré.” Ọmọ náà lọ. Kò sáré, ó ń rìn bí àgbàlagbà.

Àwọn méjèèjì wá wà níbẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì láàrin. Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé fẹ́ fi ẹ̀rín tú ọ̀rọ̀ náà ká.

“Wọ́n ní o ń fi ojú-ìwé mi nu gíláàsì.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mà.” Kò sẹ́. “Mo kọ́kọ́ kà á tán. Lẹ́yìn náà ni mo nu gíláàsì. Mo nu ún títí ọwọ́ fi ń ro mí.”

“Ìyàwó mi, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o.”

“Ẹ̀ bá kúkú dárúkọ mi, mà. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ mi, mo lè dáhùn.”

Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé fa búrẹ́dì náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

“Mo máa ń kà á lórí ìdúró,” ni ìyàwó ń bá a lọ. Ohùn rẹ̀ kò le. “Ní kíṣìnì, kí bàbá ọmọ tó dé. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á ní, ‘Ṣé kì í ṣe ìwọ nìyẹn?’ Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Màmá, èèyàn kì í mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun títí a ó fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Èmi ni mo máa ń mú èsì jáde, mo mọ bí ojú wọn ṣe ń rí. Ṣùgbọ́n tí èsì ò bá dáa, a máa ń pe ẹni yẹn wọlé ni. A máa ń ti ilẹ̀kùn, a sì máa ń fún un ní àga. A kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ká wá ní a ò kọ orúkọ sí i.”

Ẹnìkan ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá nísàlẹ̀.

“Tí mo bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ sọ fún mi, mà. Ẹ bá mi wí, ìyá mi lẹ jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n máa kà á.”

Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé gé búrẹ́dì, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́, torí kò sí ọ̀nà mìíràn láti jẹ ẹ́.

“Ó le,” ló wí.

Ìyàwó wò ó. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. “Ó le mà. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Èmi náà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ni mo ti ń rà á láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.”

Ìyàwó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Kó tó lọ, ìyàwó sìn ín dé àtẹ̀gùn, ó sì sọ ohun tí kò béèrè. Ó ní, “A máa wá ní Sátidé, mà. Èmi àti Ọ̀rẹ́ yín.”

Ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn kó tó rántí. Ó di irin mú. Èyí tó kọ gbẹ̀yìn, èyí tó fi ìbínú kọ, ó ti wà lọ́wọ́ Olóòtú! Báyìí ló kọ ọ́: Ìyàwó kan wà tó ní ìyá ọkọ tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó wá ti ọmọ náà mọ́lé bí ẹni tọ́jú góòlù. Ọmọ ń dàgbà, ìyá àgbà ń darúgbó, ta ni yóò dúró de ẹnìkejì? Ó ronú láti padà sókè, kó sọ fún un. Àmọ́ ojú tì í. Ẹ̀rín yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, ta ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á? Ó sọ fún Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé kó bá òun dá ìwé náà dúró. Ó tún sọ fún Un nínú ilé Rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó rò ó pé ó yẹ kóun náà ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ yẹn, ó sì mú báàgì rẹ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì Olóòtú.

Òkè ilé-ìtẹ̀wé ni ọ́fíìsì náà wà. Òórùn ẹ̀ńkì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ìwé wà lórí tábìlì, lórí ilẹ̀, lórí àga àlejò. Olóòtú kó ti orí àga kúrò fún un.

“Olóòtú, ọmọ mi, yọ ti oṣù yìí.”

Olóòtú rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, gbogbo oṣù lẹ máa ń sọ pé kí n yọ ọ́. Gbogbo oṣù náà ni mo máa ń sọ pé ó dùn.”

“Ti tẹ́lẹ̀, ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ti èyí kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ẹni tí mo fi bá wí kò ṣẹ̀ mí.”

“Ta ni?”

“Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni ni?” Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó sì mí kanlẹ̀. “Ìyàwó ọmọ mi ni. Láti ọjọ́ yìí wá, òun ni. O ní kí n wá ẹnìkan, kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo wá a. Àmọ́ o ò sọ fún mi pé ẹni yẹn máa ń kàwé.”

Olóòtú bọ́ awò ojú rẹ̀. Òmùgọ̀ kọ́ ni, ó sì fẹ́ràn obìnrin náà. “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kan. Obìnrin kan wá síbí lóṣù tó kọjá, orí àga tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn ló jókòó sí. Ó ní ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé òun fún Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun wà níbẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún ẹnìkan ló tó òun náà létí. Ṣé ká fi ìyẹn sílẹ̀?”

“Ìyẹn ò mọ̀ mí. Tí ọ̀rọ̀ mi bá ta á lára jù, ó lè pa ìwé dé. Ìyàwó ọmọ mi ò lè pa èmi dé.”

“Ó dáa, ẹ máa bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ nígbà náà. ‘Ẹ̀yin ìyàwó ilé ọ̀wọ́n.’”

“Ẹ̀yin ìyàwó ilé ọ̀wọ́n! Bí ọkọ̀ tó ń polówó oògùn eku! Ìwọ náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ń dáhùn tí wọ́n bá ń pe gbogbo èèyàn.”

“Ẹ wá fi ara yín jókòó sórí àga.”

“Ara mi kì í gbọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bá a wí.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi tán. Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un láìmọye ìgbà. Ó ń wá ọ̀nà tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà gbà.

“Gbọ́,” ló wí. “Èmi rò pé tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ìbáwí, kí èèyàn gbé e lọ sílé ẹni tó ni ín. Tí mo bá wá jókòó láti kọ̀wé, kó jẹ́ ohun tí mo lè kọ́kọ́ kà sí i létí. Kó jókòó síwájú mi lóòótọ́, kí n rí ojú rẹ̀, kó lè ní, ‘Màmá, kò rí bẹ́ẹ̀.’ Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó lè gbé e wá fún ọ.”

“Tó bá wá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?”

“Màá kọ ìyẹn náà sí i. Màá ní mo wí báyìí, ó fèsì báyìí.”

“Háà, Mọ́mì!” Olóòtú dìde, ó ń rìn kiri láàrin ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. “Àríyànjiyàn nìyẹn, ìmọ̀ràn kọ́. Ẹni tó ra ìwé fẹ́ kí ẹnìkan sọ fún òun pé ṣe báyìí, má ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá ní ẹ ò dá yín lójú—”

“Kò dá mi lójú. Búrẹ́dì tí mo fi bá èèyàn wí, èmi fúnra mi ò ṣe é rí.”

“Kí ni ti búrẹ́dì nínú èyí?”

“Fi búrẹ́dì sílẹ̀. Ṣáà yọ ti oṣù yìí, àwa méjèèjì á jọ jiyàn ti oṣù tó ń bọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Olóòtú dúró. “Ti oṣù yìí kẹ̀? Mọ́mì, ti oṣù yìí ti jáde. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú lẹ wá sọ. Ọkọ̀ ti kó o láàárọ̀, ìjọ apá ibi tí ọmọ yín ń gbé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń já a fún. Wọ́n á ti máa pín in báyìí. Ó dùn gan-an, mo fi àwòrán yín tuntun sí i.”

Ìyá Ẹ̀yìn-ìwé mú báàgì rẹ̀ lórí tábìlì.

“Ẹ jókòó ná, mà. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Tí òǹkàwé bá lè fèsì, ta ló wá ń kọ ìwé nínú ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ jẹ́ ká yanjú ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́—”

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

“Mọ́mì! A ò tíì parí ọ̀rọ̀ o! Ẹ gbọ́, ẹ̀yìn lẹ máa rí i pé òótọ́ ni mo sọ, torí ẹni tó ń kàwé—”

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nísàlẹ̀, ó gbé ìyókù mì. Obìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó fi èkejì gbá ìró rẹ̀ jọ kúrò lẹ́sẹ̀. Olóòtú ṣì ń tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún lókè, lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tó bọ́ sí títì, tó na ọwọ́ sí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí apá ibi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé.